Ohùn Àwẹ̀ró Nínú Àpò Ìtọ̀ Ewúrẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ti rẹ́rìn-ín tó. Láti ìgbà tí mo ti jókòó sábẹ́ igi odán yìí ni ẹ ti ń na ìka sí ohun tí ó wà lápá ọmọ mi, tí ẹ ń bi ara yín pé kí ni ọmọ àgbà ọdẹ ń fi àpò ìtọ̀ ewúrẹ́ ṣe. Ẹni tí ó ní obì lẹ́nu, kí ó gbé e mì. Ẹni tí ó fẹ́ wúkọ́, kí ó wú u tán. Ibi tí mo ń mú yín lọ, etí méjèèjì ni a fi ń wọ ibẹ̀.

Èmi ni Ọdẹ́níran. Èmi ni mo bá ẹfọ̀n ṣe àríyànjiyàn lójú ọ̀nà odò, tí ẹfọ̀n sì gbà pé òun ni ó jẹ̀bi. Èmi ni ìkookò rí tí ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ó ní, 'Bàbá, ẹ kọ́kọ́ kọjá.' Ẹ má bojú wo ara yín; kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ tí yóò já mi nírọ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí mo ti bá pàdé nínú igbó, kò sí èyí tí ó bà mí lẹ́rù tó omi díẹ̀ tí ó jáde láti ara èmi fúnra mi.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Ìyùnadé ni orúkọ rẹ̀, Àyọ̀ká ni ìyá rẹ̀ ń fi kì í. Ìyá náà, Àwẹ̀ró aya mi, mọ ènìyàn kì: bí ó bá bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, àwọn adìyẹ ilé mi a gbàgbé àgbàdo. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, Ìyùnadé gbé ẹ̀rọ orin kékeré kan tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ sí ẹnu ìyá rẹ̀, ó sì gba oríkì náà sínú rẹ̀. Àwẹ̀ró kú. Ohùn rẹ̀ kù.

Láràárọ̀ ni Ìyùnadé ń sáré ìdárayá yí ìlú ká, tí ìyá rẹ̀ sì ń kì í létí. Ó mọ̀ pé òógùn a máa ba àwọn bọ́tìnnì tí a fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà jẹ́, nítorí náà ó fọ ọ̀rá omi mímu kan, ó sá a gbẹ, ó sì fi wé e. Láti òde ọ̀rá ni ó ti ń tẹ bọ́tìnnì. Èmi a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

'Ìyùnadé, o wé ìyá rẹ bí ẹni wé mọ́ínmọ́ín!'

Òun a ní, 'Bàbá, mọ́ínmọ́ín tèmi kò fẹ́ omi.'

Ó kàwé, ó yege, ó gba ìwé ẹ̀rí, ó sì jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú rẹ̀ nílé mọ irú ìjókòó tí mo ń wí. Gbogbo ilẹ̀kùn tí ó kàn, wọ́n bi í pé níbo ni ó ti ṣiṣẹ́ rí. Àwọn tí ó yẹ kí ó fún un ní iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni ó ń béèrè iṣẹ́ kejì lọ́wọ́ rẹ̀.

Báyìí ni akéde kan wọ ìlú wa láti Ìlú Eré-Ò-Tán. Má-dúró ni orúkọ rẹ̀. Itan rẹ̀ gùn bí òpó ilé, àyà rẹ̀ sì tẹ́ bí ilẹ̀kùn. Ó ní ọba òun, Ọba Fàyàbalẹ̀, ti pèsè àga sílẹ̀ lábẹ́ ìbòòji fún gbogbo ọ̀dọ́ tí ó kàwé. Ẹni tí ó bá ti sáré yí ìlú òun po bí ó ti yẹ, àga di tirẹ̀. Ìyùnadé dìde. Má-dúró rí ẹ̀rọ tí ó wà lápá rẹ̀, ó ní kí ó fi í sílẹ̀: etí asáré gbọ́dọ̀ ṣófo kí ó lè máa gbọ́ àṣẹ. Ọmọ mi gbé ohùn ìyá rẹ̀ kọ́ sórí ìṣó ní yàrá mi, ó sì tẹ̀lé e.

Òjò rọ̀ títí, ó dáwọ́ dúró. Ẹ̀ẹ̀rùn jó títí, ó lọ. N kò rí i.

Mo dìde, mo wọ gbérí, ẹ̀wù ọdẹ mi, mo gbé ìbọn ṣakabùlà mi. Ẹ̀tù ìbọn mi wà nínú àpò ìtọ̀ ewúrẹ́, gẹ́gẹ́ bí àṣà ilé wa. A óò fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀, a óò sá a, a óò fi òrí pa á lára títí yóò fi fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Kò sí òjò tí ó lè wọ inú rẹ̀. Nígbà náà ni mo mú ẹ̀rọ orin lórí ìṣó. Mo wo ọ̀rá ara rẹ̀. Mo fà á ya, mo jù ú sí ààtàn.

Ẹ má pariwo! Ọdẹ ni mí. Ohun tí ó bá ní agbára, ara ni í gbé. Ta ni ó ti rí ońdè tí a fi ọ̀rá wé tí ó gba olóńdè là? Mo fi okùn awọ so ohùn ìyàwó mi mọ́ àyà, lábẹ́ gbérí, kí ara mi lè máa kàn án, kí agbára rẹ̀ má baà sá.

Mo wọ Igbó Àìdákẹ́, níbi tí àwọn igi ti ń ṣépè fún ara wọn. Èyí tí ojú mi rí níbẹ̀, bí mo bá ní kí n sọ ọ́, aṣọ á bọ́ lára àwọn kan nínú yín. Ní oríta tí ó wà láàárín igbó náà ni iwin kan jókòó sí, Elétí-kárí-ara ni wọ́n ń pè é. Etí wà níwájú orí rẹ̀, etí wà lórúnkún rẹ̀, etí wà láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní àtẹ́lẹwọ́. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, a na ọwọ́ sí ọ bí ẹni tí ó fẹ́ gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀.

Ó na ọwọ́. 'Ọdẹ, ẹni tí ó bá fẹ́ kọjá a máa já àlọ́ mi. Omi kan wà tí kò ti òkè rọ̀, tí kò sì ti ilẹ̀ sun. Ẹni tí ó ni í kì í mu ún. Omi wo ni?'

Mo ronú títí orí fi ń fọ́ mi. Bí ìbẹ̀rù ti ń mú mi ni ohun kan ṣàn láti iwájú orí mi wá sí ètè mi, mo sì tọ́ ọ wò: iyọ̀ ni.

Mo ní, 'Òógùn ni.'

'O já ìdajì. Bí ẹni tí ó ni í kò bá mu ún, ta ni ó ń mu ún?'

'N kò mọ̀.'

'Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀. Màá jẹ́ kí o kọjá, ṣùgbọ́n nígbà àbọ̀ rẹ, ìdajì kejì ni owó ibodè.' Ó wólẹ̀, ó fi etí orúnkún rẹ̀ lélẹ̀. 'Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ gbogbo wọn láti ibí yìí. Ní ìlú yẹn, ẹni tí ó bá sáré yípo kan a gbàgbé ọ̀nà ilé. Bí ó bá tún yípo, a gbàgbé bàbá rẹ̀. Yípo tí ó tẹ̀lé e ni a máa gbàgbé orúkọ ara rẹ̀, kò sì sí ohùn tí ó lè pè é padà mọ́. Ọmọ rẹ wà lórí yípo orúkọ. Ọdẹ, tètè lọ.'

Báwo ni mo ṣe dé ìlú náà? Ẹsẹ̀ mi ló mọ̀.

Ẹ̀yin ará, Ìlú Eré-Ò-Tán kò ní ilé. Ọ̀nà kan ni, ó yí òkè kan po bí ìgbà tí ìlẹ̀kẹ̀ bá yí ìdí po, oòrùn sì dúró sórí rẹ̀ gangan bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́. Àwọn ọmọ ènìyàn ń sáré lórí ọ̀nà yìí bí èèrà. Ọmọ tí ó kọ́ nípa àìsàn ń sáré, ọmọ tí ó kọ́ nípa òfin ń sáré, ọmọ tí ó lè kọ́ afárá sórí odò ń sáré. Òógùn wọn ń kán sínú ojú àgbàrá tí a gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, àgbàrá náà sì ń ṣàn gòkè, bẹ́ẹ̀ ni, gòkè ni mo wí, lọ sábẹ́ igi ńlá kan tí ó wà lórí òkè náà. Ibẹ̀ ni Ọba Fàyàbalẹ̀ àti àwọn ìjòyè rẹ̀ jókòó sórí àga, tí wọ́n ń fi igbá bu omi náà mu. Àwọn baba arúgbó ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ń dán bí ti ọmọ ọwọ́. Kò sí àga kan tí ó ṣófo níbẹ̀. Mo kà wọ́n lójú: kò sí.

Àwọn àgbà wa ti wí i: òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà níbòòji. Òwe ni mo rò pé ó jẹ́.

Má-dúró wà lórí àpáta kan, ó ń ké, 'Ó kù díẹ̀! Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin ni ọ̀la, ó kù díẹ̀!' Láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ ìlú náà dó ni ó ti kù díẹ̀. Ó tún ké pé, 'Ẹni tí ó bá dúró yóò di òkúta!' Lóòótọ́, òkúta tí ó ní orí àti èjìká ènìyàn tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ojú wọn wúwo fún ìbànújẹ́.

Mo bọ́ sáàárín wọn, mo ń sáré. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sáré bá mi, èjìká wa sì ṣe déédéé.

'Bàbá, ẹ kú eré o. Ẹ̀yin náà ń wá àga ni?'

'Ọmọ mi ni mò ń wá.'

'Há, ọmọ ẹnì kan ni gbogbo wa. Ẹ gbé ẹsẹ̀.'

'Kí ni orúkọ rẹ?'

Ó sáré díẹ̀ kí ó tó fèsì. 'Mo ṣe ipò kejì ní kíláàsì mi. Èyí nìkan ni ó kù lọ́wọ́ mi, Bàbá. Ẹ má gbà á.'

Nígbà náà ni mo rí Ìyùnadé níwájú. Ó ti gbẹ. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ tí ìyá rẹ̀ máa ń fi àdí pa ti bó. Mo pè é. Ohùn mi kò já mọ́ nǹkankan fún un, nítorí yípo bàbá ti kọjá. Ohùn ẹni tí ó sọ ọ́ ní Àyọ̀ká nìkan ni ó kù. Mo sá tẹ̀ lé e títí mo fi dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ gbérí, mo fa ẹ̀rọ náà yọ.

Ó ń kán tótó. Òógùn àyà mi ti wọ inú rẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì. Ó wọlẹ̀, kò sì jáde mọ́. Mo tẹ èkejì, òun náà wọlẹ̀. Ẹ̀rọ náà fò láti ibì kan sí ibòmíràn bí ewúrẹ́ tí eéṣú wọ̀ létí, kò sì bọ́ sórí oríkì. Ohun tí ó bọ́ sí ni ohùn olùkọ́ ìdárayá kan tí Ìyùnadé máa ń gbọ́ nígbà tí ó bá fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun yá: 'Ọ̀kan, èjì! Ọ̀kan, èjì! Gbé e sókè! Ṣe kíá!'

Ọmọ mi gbọ́ ọ. Ó gbé e sókè. Ó ṣe kíá. Ó fi mí sílẹ̀ nínú eruku bí ẹni fi igi sílẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ṣubú sí kòtò ìkookò rí, n kò sunkún. Mo sunkún níbẹ̀, mo sì ń sáré bí mo ti ń sunkún, nítorí ẹni tí ó bá dúró yóò di òkúta. Omijé náà gan-an ń ṣàn lọ sínú igbá wọn. Èmi ni mo ya ọ̀rá. Èmi ni mo so ohùn náà mọ́ ibi tí òógùn pọ̀ jù lára mi. Òwúrọ̀ gbogbo ni ọmọ mi fi hàn mí bí a ti ń ṣe é, èmi sì pè é ní mọ́ínmọ́ín.

Mo wá ohun gbígbẹ kan lára mi. Fìlà tutù. Gbérí tutù. Àpò ọdẹ tutù. Ohun kan ṣoṣo ni ó gbẹ: inú àpò ìtọ̀ ewúrẹ́ tí ẹ̀tù ìbọn mi wà.

Ẹ sọ fún mi, ọdẹ tí ó wà láàárín ọ̀tá, tí ó sì da gbogbo ẹ̀tù rẹ̀ nù, orúkọ wo ni ẹ óò pè é? Ẹ pè é, mo ń gbọ́. Mo tú okùn náà, mo da ẹ̀tù sílẹ̀ bí mo ti ń sáré; kí ó tó kanlẹ̀ ni ó ti di ẹrẹ̀. Mo fa òwú tí ó dí ẹnu ìbọn mi yọ, òun náà gbẹ díẹ̀, mo fi nu ẹ̀rọ náà lójú, létí, láàárín bọ́tìnnì. Mo tì í sínú àpò ìtọ̀, mo fún ẹnu rẹ̀ pa, mo so ó mọ́ òde apá mi, lórí aṣọ, jìnnà sí ara. Ẹ̀tù díẹ̀ tí ó ṣẹ́kù sínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi tí ó kù. Mo ń sáré, mo ń wò ó. Awọ náà fẹ́lẹ́. Mo ń rí bọ́tìnnì láti òde. Èyí tí ó kọ́kọ́ wọlẹ̀ yọ orí jáde díẹ̀díẹ̀, bí ìgbín tí ó gbọ́ òjò. Èkejì rẹ̀, èyí tí a fi ń dá ohùn dúró, kò jáde mọ́ láé.

Mo kó gbogbo eré tí mo fi sá fún erin ní ìgbà ọ̀dọ́ mi jọ, mo sá a lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí mo bá Ìyùnadé, ètè rẹ̀ ń mì. Ó ń wá orúkọ kan lórí ahọ́n tí kò rí i. Mo gbé apá mi sí etí rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ láti òde awọ.

Àwẹ̀ró wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ikọ́ àìsàn rẹ̀ yẹn, ó ní:

'Àyọ̀ká, ọmọ Ọdẹ́níran,
ọmọ arọra-tẹ ewé gbígbẹ,
ọmọ a-gorí-ẹ̀gùn-jókòó de ẹran.
Ẹran ń sáré, baba rẹ jókòó;
ta ni ó padà jẹ ẹran nínú wọn?
Àyọ̀ká, ẹni tí ó mọ ọ̀nà kì í sáré kiri.
Rọra. Wá jókòó tì mí.'

Ẹsẹ̀ ọmọ mi ṣì. Ó yí ojú padà. 'Màmá?' Lẹ́yìn náà ni ó rí mi. 'Bàbá, kí ni ẹ ń wá níbí? Ẹ ti gbẹ o.'

Má-dúró ti rí wa. Ó fò sílẹ̀ láti orí àpáta, òun àti àwọn oníkóńdó rẹ̀ tí ń ṣọ́ ọ̀nà. Mo yí ìbọn mi sí wọn, ẹsẹ̀ wa kò sì dúró.

'Ọdẹ, imú mi kò gbọ́ òórùn ẹ̀tù. Gbogbo ohun tí ó wà ní ìlú yìí ló tutù.'

'Sún mọ́ ibí, akéde, kí o fi àyà gbàgàdà yẹn wádìí rẹ̀.'

Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọ ọ́ sí òun? Wọ́n dúró lókèèrè. Ẹ kíyè sí i: àwọn oníkóńdó dúró, Má-dúró pàápàá dúró. Èmi kò kíyè sí i. Ìbẹ̀rù ti fọ́ mi lójú. Ìyùnadé ni ó kíyè sí i.

Ó ní, 'Bàbá, àwọn yẹn dúró.'

'Ọmọ mi, má dán an wò.'

'Màmá ní kí n jókòó.'

Mo na ọwọ́ láti dá Àwẹ̀ró dúró. Bọ́tìnnì tí a fi ń dá a dúró ti kú. Ohùn náà ń tẹ̀ síwájú: rọra, wá jókòó tì mí. Ìyùnadé sì jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ìdí rẹ̀ láàárín ọ̀nà Ìlú Eré-Ò-Tán. Mo di ojú mi. Mo ní, ó tán, mo ti fi ọwọ́ ara mi pa á.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan sín.

Mo la ojú. Eruku ni ó wọ ọ́ nímú. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó na ọwọ́ sí òkúta tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ìka pa á lára títí. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ga rárá. 'Àpá irin wà lára rẹ̀, Bàbá. Wọ́n gbẹ́ ẹ ni. Ẹnì kan jókòó, ó fara balẹ̀, ó gbẹ́ ojú tí ó ń sunkún sí i, kí a lè máa bẹ̀rù rẹ̀.'

Lókè lọ́hùn-ún, Ọba Fàyàbalẹ̀ figbe ta: 'Ẹ mú un!' Ó fẹ́ dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbàgbé iṣẹ́. Ó tún figbe ta. Àwọn oníkóńdó ń wo ẹnu ìbọn mi.

Ẹ óò rò pé gbogbo ọ̀dọ́ náà dúró. Ẹ̀yin náà ni ẹ rò bẹ́ẹ̀. Àwọn díẹ̀ dúró, wọ́n wo òkúta, wọ́n jókòó sílẹ̀. Àwọn tí ó pọ̀ jù yà fún ọmọ mi bí a ti ń yà fún kòtò, wọ́n sì ń bá eré wọn lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣe ipò kejì dé ọ̀dọ̀ wa, ó rọ ẹsẹ̀. Ó tẹ́tí sí ohùn Àwẹ̀ró, ojú rẹ̀ sì rọ̀.

'Bàbá, èmi ńkọ́? Ta ni yóò pè mí?'

Mo la ẹnu. N kò mọ orúkọ rẹ̀. Ìyùnadé gbá a lọ́wọ́ mú, ó ní, 'Jókòó bẹ́ẹ̀ náà, a óò jọ wá a.' Ṣùgbọ́n Má-dúró ké láti ẹ̀yìn pé ó kù díẹ̀. Ọmọkùnrin náà wo òkè, ó wo àga, ó yọ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ọmọ tí a kọ́ dáadáa, ó ní, 'Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n,' ó sì sáré lọ.

A rìn jáde. A kò sáré.

Ní oríta, Elétí-kárí-ara ti na ọwọ́ dè wá. 'Ọdẹ, ìdajì kejì. Ta ni ó ń mu ún?'

Mo fẹ́ sọ pé ọba ni. Ìyùnadé gbé ọwọ́ lé mi lápá.

Ó ní, 'Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń sọ fún wa pé ó kù díẹ̀ ni.'

Gbogbo etí iwin náà wólẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dé, ó sì yẹ̀ lọ́nà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí ẹ ń fi rẹ́rìn-ín nìyẹn. Láàárọ̀ ọmọ mi ṣì ń sáré ìdárayá, yípo tí òun fúnra rẹ̀ yàn, ohùn ìyá rẹ̀ sì wà ní òde apá rẹ̀, nínú awọ, níbi tí òógùn kò dé. Bọ́tìnnì ìdádúró kò ṣiṣẹ́ mọ́. Bí Àwẹ̀ró bá ti bẹ̀rẹ̀ nínú ilé wa, kò sí ẹni tí ó lè pa á lẹ́nu mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà ayé rẹ̀.

Ẹ má dìde. Ìyùnadé ti na ìka, ó ti tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó ní ọmọ tí ó ti lọ sáré, kí ó sún mọ́ ibí. Ẹ gbọ́ ikọ́ Àwẹ̀ró yẹn.